Wọ́n ní kó gbé ẹ́ńjìnnì Bajaj sínú Yamaha eré-ìje, èmi ò gbà

Ìbéèrè láti Kétu:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Nínú ẹrù tó ti Faransé wọ Kútọnu ni mo ti rí máṣíìnì kan, àárín fìríìjì àtijọ́ àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé ló wà, bí irin àlòkù ni wọ́n ṣe tà á fún mi. Wọ́n kọ Yamaha sí i lára, ẹnì kan ní TZ350 ni. Kò níná, kò ní fèrè, kò ní kíìkì, kò sí ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní kí n jẹ́ kí òun yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dànù, kí òun gbé ti Bajaj sí i, pé kò ní pẹ́ tí màá fi máa gùn ún lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Àbúrò mi ní kí n tà á. Èmi ò fẹ́ tà á, mo fẹ́ máa gùn ún ni. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Àbúrò, dúró ná. Kí ẹnikẹ́ni má tíì fi ayùn kan fírémù yẹn o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè ẹ. Àwọn kan ní Bajaj náà ni kó o gbé sí i, àwọn kan ní kó o wá òyìnbó tó máa rà á kíá, àwọn tó kù ní kó o so iná mọ́ ọn kó o máa gùn ún lọ bó ṣe wà. Mi ò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ dé òpin. Tèmi ni pé ohunkóhun tó o bá máa ṣe sí i, kó jẹ́ ohun tí sípánà lè tú kúrò lọ́la. Fi bóòtù dè é. Má jó irin mọ́ ọn, má gé e, má lu ihò tuntun sí i. Tó o bá di èyí mú, kò sí ohun tó o ṣe sí i tí kò ní ṣeé tún ṣe.

Àmọ́ ṣé TZ, Yamaha tí wọ́n ṣe fún eré-ìje nìkan, ni lóòótọ́? Ọ̀pọ̀ RD350, ìyẹn Yamaha ti títì, ni wọ́n ti bọ́ iná lára ẹ̀ tí wọ́n wọ̀ láṣọ eré-ìje. Wo ẹ́ńjìnnì yẹn dáadáa. RD350 àkọ́kọ́, ti 1973, atẹ́gùn ló ń tù ú, wàá rí i tí irin ẹ̀ ní ìlà-ìlà bíi ti Yamaha Mate àtijọ́. TZ350 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 1973 kan náà, omi ló ń tù ú, ó ní rédíétọ̀ níwájú. RD ní kíìkì, TZ ò ní, títì ni wọ́n ń tì í kó tó dáhùn. Kabúrétọ̀ RD fẹ̀ tó 28 mm, ti TZ jẹ́ 34 mm. Àwọn méjèèjì jọ jẹ́ 347 cc, ihò ẹ́ńjìnnì wọn ò yàtọ̀, 64 mm ní 54 mm, ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú nìyẹn. RD350LC tó jáde lọ́dún 1980 náà ń lo omi, ṣùgbọ́n òun ní kíìkì. Tó o bá rí rédíétọ̀ tí o ò rí kíìkì tàbí ihò tí kíìkì ń gbà jáde, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, kó o tún wo èyí tó wà lọ́rùn fírémù níbi tí àgbá ìdarí wà. Tí méjèèjì bá bára mu, má sọ fún ẹni tó tà á fún ẹ.

* * *

Bọ̀dá kan kọ̀wé láti Pobẹ pé máṣíìnì eré-ìje ò fìgbà kankan jẹ́ ti títì, pé ẹni tó bá gbé e sí títì ń wá ikú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1962 ni Honda ṣe CR93, 125 cc péré, fún eré-ìje, síbẹ̀ wọ́n ta àwọn kan nínú ẹ̀ tó níná tó sì ní sáléńsà. Ducati borí ní Imola lọ́dún 1972, Paul Smart ló gùn ún, nígbà tó di 1974 wọ́n ta 750 SuperSport fún ẹni tó bá lówó ẹ̀, irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni, wọ́n kàn fi iná àti fèrè sí i. BSA Gold Star tún ńkọ́? Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ọkùnrin kan á yọ iná ẹ̀, á lọ sá eré, ọjọ́ Ajé á gùn ún lọ síbi iṣẹ́.

MV Agusta ní Ítálì ni kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ o. Eré-ìje ni ilé-iṣẹ́ yẹn fi gba gbogbo orúkọ tó ní, ìgbà tí wọ́n máa wá ta ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́rin fún ará ìta, 600 cc ni wọ́n ṣe, wọ́n jẹ́ kó wúwo, kó sì burú lójú, wọ́n fi ọ̀pá irin dípò ṣéènì. Ohun tí àwọn tó mọ̀ máa ń sọ ni pé Kọ́ńtì Domenico Agusta mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa rà á lọ́wọ́ òun tán kó wá fi bá òun díje. Ẹ sì wò ó, Arturo Magni tó ti jẹ́ olórí àwọn mẹkáníìkì eré-ìje wọn ló wá ń ta ohun èlò tí wọ́n fi ń yọ ọ̀pá yẹn tí wọ́n fi ń dá ṣéènì padà sí i! Èèyàn ò gbọ́ràn.

Torí náà ṣíṣe é ti pẹ́ láyé. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìkan la lè jà lé lórí.

* * *

Ọ̀rọ̀ Bajaj wàyí.

Mi ò ní bú mẹkáníìkì yẹn. Gbogbo ohun tó sọ ló rí bẹ́ẹ̀: ẹ́ńjìnnì Bajaj Boxer wà níbi gbogbo, kì í mu epo, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ouando l'Àjàṣẹ́ lè tú u pẹ̀lú ojú dídì, tó bá kú ní Sakété kó o tó jẹ àkàrà tán wọ́n ti jí i. Èmi náà ń fi irú ẹ̀ jẹun, àwọn onízém, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà wa, ló ń gbé e wá bá mi lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fẹ́ gé. Fírémù TZ, ẹ́ńjìnnì tó gbé ìsàlẹ̀ fẹ̀, sìlíńdà méjì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti Boxer rí pẹlẹbẹ, kan ṣoṣo ni, ibi tó ń gbà dè mọ́ fírémù yàtọ̀, ibi tí ṣéènì ẹ̀ ń gbà lọ sẹ́yìn yàtọ̀. Kó tó wọlé, ó di dandan kó gé ibi ìdè tó wà níbẹ̀, kó jó irin tuntun mọ́ ọn, kí ṣéènì sì tún máa jẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo wàhálà yìí kó o lè gba nǹkan bí agbára ẹṣin 8 nínú máṣíìnì tó ń mú nǹkan bí 60 wá tẹ́lẹ̀. Ẹni tó jogún ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́wọ́ baba ńlá ẹ̀ ní Kétu níbẹ̀ tó wá là á fi dáná ẹ̀bà, ọgbọ́n wo ló gbọ́n? Ẹ̀bà á jinná o. Igi lásán ṣáà lè sè é náà.

Tó o bá fẹ́ Bajaj, lọ ra Bajaj. Kò wọ́n.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé “ẹ̀gbọ́n, tí ẹ ní ká má gbé Bajaj sí i, kí wá ni ká gbé sí i?” Ìbéèrè gidi nìyí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀.

RD350 ni. Àwọn méjèèjì bára tan gan-an, láti inú irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni Yamaha ti yọ wọ́n, àwọn tó ń sá eré láyé ọjọ́un máa ń gbé ti RD wọ inú fírémù TZ nígbà tí wọn ò bá lówó púpọ̀. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé RD ní kíìkì, ó ní ohun tó ń ṣe iná fún bátìrì, ó ní fáìbù kékeré níbi tí epo ń gbà wọlé tó ń jẹ́ kó fà dáadáa láti ìsàlẹ̀, agbára ẹ̀ tó 39, ìyẹn náà ju ti gbogbo onízém Àjàṣẹ́ lọ ìlọ́po mẹ́rin. Wàá wá yọ ẹ́ńjìnnì TZ, wàá fọ̀ ọ́, wàá fi epo kùn ún nínú, wàá fi ọ̀rá wé e, wàá tì í mọ́ yàrá. Ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà, bóòtù mélòó kan ni, ó ti dá padà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé RD náà ò sí lọ́jà wa mọ́. Ó lè gba pé kó o ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní Faransé tàbí kó o wá a dé Èkó. Tí sùúrù ò bá sí, kò ní ṣeé ṣe.

* * *

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó kàn so iná mọ́ ọn kó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ ń sọ torí ó dà bíi pé ẹ rò pé iná nìkan ló kù. TZ ní ohun tó ń ṣe iná fún púlọ́ọ̀gì, kò ní èyí tó ń ṣe iná fún gílóòbù, torí náà ibì kankan ò sí tí wàyà iná iwájú máa so mọ́. Ìyẹn gan-an ló rọrùn jù. Ra bátìrì kékeré, 12 V, 7 Ah, gbé e sábẹ́ ìjókòó, so iná LED tó ń jẹ wáàtì 15 mọ́ iwájú, èyí tó ń jẹ 3 mọ́ ẹ̀yìn. Ṣe ìṣirò ẹ̀: 12 lọ́nà 7 jẹ́ 84, pín in sí 18, ó ju wákàtí mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n má mu bátìrì tán, ká pè é ní wákàtí mẹ́ta. Ọ̀nà Kétu sí Àjàṣẹ́ ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, ó sì máa gbé ẹ dé. Nígbà tó o bá padà délé, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tẹ́ ẹ fi ń ṣajì fóònù lè kún un. Ohun tó máa gbé iná iwájú dúró, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bóòtù há mọ́ fọ́ọ̀kì ni kó o lò.

Ohun tó máa wá pa ẹ́ lára ni àwọn tó kù. Jíà àkọ́kọ́ TZ gùn, ẹ́ńjìnnì ọ̀hún ò jí títí á fi dé nǹkan bíi 7,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, kilọ́ọ̀ṣì ẹ̀ gbẹ, kò sí nínú epo, tó o bá ń fi ọwọ́ fà á díẹ̀díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ó máa jó. Kò ní fáànù lẹ́yìn rédíétọ̀, atẹ́gùn eré ló ń tù ú, ìwọ sì wà lẹ́yìn ọkọ̀ gbẹ́ńgbẹ́ tó kó tòmátì ní Ouando, o ò lè lọ síwájú, o ò lè lọ sẹ́yìn, omi ń hó. Ọwọ́ ìdarí ẹ̀ ò yí ju díẹ̀ lọ, o ò lè yí po lójú títì ẹyọ kan láì sọ̀ kalẹ̀. Ó wá kú mọ́ ẹ lábẹ́. Kò ní kíìkì. O ti rántí? Ìwọ lo máa tì í, gbogbo ọjà á sì máa wò ẹ́.

Ohun tá a lè ṣe wà o. Pààrọ̀ irin eléyín tí ṣéènì wọ̀ lára táyà ẹ̀yìn, fi èyí tó tóbi sí i kí jíà àkọ́kọ́ lè kúrú. Fi fáànù kékeré sẹ́yìn rédíétọ̀ àmọ́ bátìrì ẹ náà á kúrú. Àti fọ́ọ̀mù sẹ́nu kabúrétọ̀! Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Máṣíìnì eré-ìje, ẹnu kabúrétọ̀ ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, torí pé ojú pápá eré mọ́. Erùpẹ̀ pupa Kétu lásìkò ọyẹ́ máa wọ inú ẹ̀, á sì fá pisitíìnì bí ẹni fá iṣu. Tó o bá sì fi fọ́ọ̀mù sí i, atẹ́gùn á dín kù, o ní láti tún jẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ihò kékeré tí epo ń gbà, wò, má kàn fi sí i kó o máa lọ.

* * *

Epo. Ibi tí ìjà pọ̀ sí jù nìyí.

Bàbá kan láti Sábẹ ní àwọn ti ń fi kpayo, epo ìgò tó ń ti Nàìjíríà wọlé, gun máṣíìnì two-stroke (èyí tí wọ́n ń po òróró mọ́ epo ẹ̀) láti ìgbà Yamaha Mate, kò sì sí ohun tó ṣe é. Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, òtítọ́ lẹ sọ, Mate ni. Mate ò le, kò fún epo mọ́lẹ̀ púpọ̀, ohun tẹ́ ẹ bá fún un ló ń mu. TZ máa ń fún epo mọ́lẹ̀ gan-an kó tó tan iná sí i. Tí epo ò bá dára, á tan fúnra ẹ̀ kí púlọ́ọ̀gì tó ní kó tan, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń dún bí ẹni ń mi ìṣó nínú agolo, lẹ́yìn ìyẹn ihò á yọ lórí pisitíìnì. Ihò gidi, tí ìka wọ̀. Mo ti mú irú pisitíìnì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, láti inú máṣíìnì two-stroke kan tó ń sáré tó gba ọ̀nà Sakété wá, ẹni tó ni ín sì ń búra pé epo ìgò tó rà “funfun bí omi”. Ó funfun lóòótọ́, kí ni wọ́n wá pò mọ́ ọn? Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kpayo gan-an ò sì pọ́ọ́kú bíi tàtijọ́ mọ́. Lọ síbi tí wọ́n ti ń fi pọ́ǹpù ta á.

Ọmọkùnrin kan wá mú ọ̀rọ̀ lárà wá. Ó ní òun kà á pé òróró lárà ni àwọn eléré-ìje ń pò mọ́ epo, ewé lárà sì kún ẹ̀yìn ilé àwọn, ìyá òun mọ bí wọ́n ṣe ń fún un, kí la wá ń ra ti òyìnbó sí. Ó kà á dáadáa. Castrol R tí àwọn àgbà eléré ń lò, lárà ló wà nídìí ẹ̀, òórùn ẹ̀ lẹ́yìn máṣíìnì làwọn kan fi ń rántí ìgbà èwe wọn. Lárà máa ń dúró lára irin nígbà tí gbogbo epo yòókù bá ti sá nítorí ooru, ohun tí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ èyí tí Màmá ń fún nílé, tí wọ́n ń fi ra orí tàbí tí wọ́n ń mu fún inú, omi àti ìdọ̀tí ṣì wà nínú ẹ̀. Kódà èyí tó mọ́ gan-an, tó bá pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, á di gọ́ọ̀mù, á lẹ ríìnì mọ́ ojú ihò ẹ̀. Eléré-ìje ń tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fọ̀ lẹ́yìn ìdíje, ìwọ tó fẹ́ lọ kí ìyàwó àfẹ́sọ́nà ní Àjàṣẹ́ kó o padà, ṣé o máa tú tìẹ? Ra epo two-stroke tòde òní tó dáa, pò ó dáadáa, tó bá ṣe ẹ̀rù ń bà ẹ́ jẹ́ kí epo two-stroke yẹn pọ̀ díẹ̀ sí i, èéfín ò pa ẹnikẹ́ni.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé èéfín ń pa èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

* * *

Ẹnì kan ní kí ló kàn wá ní Áfíríkà pẹ̀lú TZ, pé ohun òyìnbó àti Japan ni. Jon Ekerold, ará South Africa, lọ́dún 1980, ló gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé 350 cc. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ẹ̀, owó ara ẹ̀ ló fi ń ṣe é, Bimota ló gùn, ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ sì ni ti TZ350. Anton Mang tí Kawasaki dúró tì ló lù, ìdíje tó kẹ́yìn pátápátá ní Nürburgring ló sì ti gbà á. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fagi lé 350 cc náà nínú ìdíje àgbáyé, kò sí i mọ́. Irú ẹ́ńjìnnì yẹn ni mẹkáníìkì Kétu fẹ́ yọ dànù o.

* * *

Ìwé. Kò pẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n ò ṣe TZ fún títì, kò bá carte grise (ìwé ọkọ̀) kankan wá láti Faransé, bí ẹ bá sì ní kí ANaTT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, fún yín ní nọ́ńbà, ìwé àwọn aṣọ́bodè ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ẹrù yẹn gba ọ̀nà tó yẹ wọlé. Nínú ìwé tó o gbà, ṣé wọ́n kọ máṣíìnì sí i, àbí “irin àlòkù”? Tó bá jẹ́ irin àlòkù, lọ ṣàtúnṣe ẹ̀ kó o tó ná owó kankan sórí iná. Àwọn kan ń sọ pé kó ra carte grise Mate tó ti kú, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Má dán an wò. Ọlọ́pàá tó bá bẹ̀rẹ̀ wo nọ́ńbà fírémù lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó parí. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ ha nọ́ńbà yẹn kúrò nítorí ìwé, ìdajì iye owó máṣíìnì náà wà lára nọ́ńbà ọ̀hún.

Dígí méjì, fèrè, iná bíréèkì, sáléńsà. Páìpù tó wú bí ìkòkò yẹn, òun ló ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, má gé e, fi sáléńsà kékeré sí ìdí ẹ̀. Akoto ńkọ́, mi ò tún ní sọ ọ́.

* * *

Títà. Àbúrò ẹ ò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. TZ350 tó pé, tí nọ́ńbà ẹ̀ bára mu, ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù sẹ́fà ni. Kì í ṣe iye tí Vincent Black Lightning mú wá o, ẹ má gbé ara yín gun igi. Ọ̀kan nínú ìyẹn ni wọ́n tà ní 929,000 dọ́là ní Las Vegas lọ́dún 2018. Vincent kan náà ni Rollie Free, eléré-ìje kan, gùn lọ́dún 1948 ní Bonneville pẹ̀lú ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan lára, ó nà gbọọrọ sórí ẹ̀ bí aláǹgbá, ó sì kọjá 150 máìlì ní wákàtí kan. Tí ìyá ẹ bá rí àwòrán yẹn kò ní jẹ́ kó o gun kẹ̀kẹ́ ológeere gan-an.

Ṣùgbọ́n o ní o ò fẹ́ tà á, mo sì gbọ́. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn tó ń pariwo pé ohun àtijọ́ kò gbọ́dọ̀ fara kan títì, inú gíláàsì ni wọ́n fẹ́ kó kú sí.

* * *

O kọ̀wé sí mi lálẹ́ àná pé ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ tì í lọ́jọ́ Àìkú kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀. Jọ̀ọ́ má tì í.

Ó ti pẹ́ tí kò ṣiṣẹ́. Rọ́bà kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kiránkì, òun ló ń dí atẹ́gùn. Tí máṣíìnì bá jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, rọ́bà yẹn á gbẹ, á sán. Ẹ máa tì í, á dáhùn, ẹ máa yọ̀, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé, epo á di kékeré nínú ẹ́ńjìnnì, ooru á gun òkè, kó tó dé ẹnu odi ó ti há. Pisitíìnì TZ ò sì sí nínú pálí tí àwọn ọmọ Íbò ń tà ní Ouando.

Ṣe báyìí: yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, da epo two-stroke díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì gbé e sí jíà kẹfà, fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn jẹ́jẹ́. Tó bá yí, dáa. Tí kò bá yí, má fi ipá, tún da epo sí i. Tú ìgò omi rédíétọ̀ wò bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ya àwòrán nọ́ńbà méjèèjì, ti ẹ́ńjìnnì àti ti fírémù, fi ránṣẹ́ sí mi kí n mọ ọdún tí wọ́n ṣe é, torí rọ́bà kiránkì àti gáskẹ́ẹ̀tì tá a máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní Faransé yàtọ̀ síra.

Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì RD350 tó ti kú nílé, ì báà ṣe ní Ìlárá tàbí ní Adjarra, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá ṣì pé, kó kọ iye tó fẹ́ tà á sísàlẹ̀ níbí. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó ní kí àbúrò yìí lọ dààmú dé Èkó.